Iṣẹ́ Tí Ẹnìkan Kò Rán: Ẹ̀kọ́ Lórí Bí Sẹ́ẹ̀lì Ṣe Ń Gbàṣẹ Láti Dàgbà, àti Àyẹ̀wò Mẹ́ta Tí Kò Yẹ Kí Á Fò

 

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti kéwú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ọjà. Ẹ̀kọ́ nípa ara wa ni, pàápàá ara àwọn ìyá, ìyàwó àti ọmọbìnrin wa. Èmi kì í ṣe dókítà. Ìrẹsì àti ẹ̀wà ni mò ń tà, ọmọ ni mo sì ń kọ́ ní kéwú nírọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí mi ní 2017 tí ó sọ mí di ẹni tí ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn dókítà àti àwọn òṣìṣẹ́ láàbù, tí ó sì ń wá ìwé kà lórí rẹ̀. Ohun tí mo rí kọ́ ni mo fẹ́ fi lé yín lọ́wọ́, kí ẹ má baà ṣe irú àṣìṣe tí mo ṣe.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi obìnrin rí kókó kan nínú ọyàn rẹ̀ òsì. Kò dùn ún, nítorí náà kò kà á sí. Oṣù mẹ́fà kọjá kí ó tó sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ó sọ ọ́, a mú un lọ sí ilé ìwòsàn kan nílé, wọ́n sì gé díẹ̀ nínú kókó náà fún àyẹ̀wò. Ọjọ́ Àlàmísì ni. Wọ́n ní kò sí láàbù tí ó lè ṣe é nítòsí, pé kí ẹbí wá ibi tí wọn yóò gbé e lọ.

Èmi ni mo dìde. Mo ní Àbújá ni n ó gbé e lọ, pé ibẹ̀ ni ohun èlò wà. Wọ́n fi ègé ẹran náà sínú ike kékeré, wọ́n sì bu omi iyọ̀ sí i, nítorí oògùn tí ó yẹ kí wọ́n fi rẹ ẹ́ ti tán lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ náà. Èmi kò mọ̀ pé oògùn kankan wà tí ó yẹ kí n béèrè. Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo wọ mọ́tò, ilẹ̀ ti ṣú kí n tó dé. Sátidé, láàbù tì. Sọ́ńdè, láàbù tì. Inú ṣọ́ọ̀bù mi ni ike náà wà, lórí àpótí, nínú ooru, títí di àárọ̀ Mọ́ńdè.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n pè mí. Wọ́n ní jẹjẹrẹ ni, ìyẹn hàn. Ṣùgbọ́n irú jẹjẹrẹ tí ó jẹ́, àwọn kò lè sọ, nítorí ẹran náà ti bàjẹ́. Àyẹ̀wò tí ó yẹ kí ó tẹ̀lé e kò ní ṣeé gbà gbọ́ mọ́. A ní láti padà lọ gé òmíràn. Ọ̀sẹ̀ méje lọ sí i, owó lọ sí i. Kókó náà kò sì dúró dè wá.

Àyẹ̀wò wo ni wọ́n ń sọ? Kí ló dé tí ẹran gbọ́dọ̀ wà ní pípé kí wọ́n tó lè ṣe é? Ẹ jẹ́ kí á mú un ní ìkọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀KỌ́ KÌN-ÍN-NÍ: SẸ́Ẹ̀LÌ KÌ Í DÉDÉ DÀGBÀ

Bí a ti ń fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ilé, bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́hun fi sẹ́ẹ̀lì kọ́ ara wa. Sẹ́ẹ̀lì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i, ṣùgbọ́n alààyè ni, ó sì lè pín sí méjì. Bí ọmọ ṣe ń ga, bí ojú egbò ṣe ń pa dé, bí irun ṣe ń hù, sẹ́ẹ̀lì ló ń pín. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ pín láìgbàṣẹ.

Báwo ni ó ṣe ń gbàṣẹ? Ara máa ń rán purotéènì kékeré kan sí i gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́. Ọ̀mọ̀wé Stanley Cohen ní Amẹ́ríkà ni ó rí ọ̀kan nínú wọn. Ní 1962, ó ròyìn pé nígbà tí òun fún àwọn ọmọ eku tuntun ní nǹkan náà, ojú wọn là ṣáájú àkókò, eyín wọn sì tètè yọ. Iṣẹ́ náà ti dé etí sẹ́ẹ̀lì wọn ṣáájú ọjọ́ tí ó yẹ. Òun àti ìyáàfin Rita Levi-Montalcini ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986 lórí irú iṣẹ́ yìí.

Mo ní etí sẹ́ẹ̀lì. Lára ògiri sẹ́ẹ̀lì ni àwọn purotéènì kan dúró sí, tí apá kan wọn yọ síta, tí apá kejì wà nínú. Apá tí ó wà níta ni ó ń gbọ́ iṣẹ́. Bí ó bá gbọ́, etí méjì á sún mọ́ ara wọn, apá ti inú á sì jí. Láti ibẹ̀, ọ̀rọ̀ á máa lọ láti ọ̀dọ̀ ìránṣẹ́ kan sí èkejì, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí láàfin. Àlejò kì í bá Ọba sọ̀rọ̀ lójúkorojú. Ẹni tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà ni yóò sọ fún ìlàrí, ìlàrí á sọ fún ìjòyè, ìjòyè ni yóò wọlé tọ Ọba. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún àwọn ìránṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì ni RAS, RAF, MEK àti ERK. RAS á jí RAF, RAF á jí MEK, MEK á jí ERK. ERK ni ó máa ń wọ inú kóró sẹ́ẹ̀lì, níbi tí ìwé àṣẹ gbogbo wà, tí yóò sì ní: “Pín.” Gbogbo ọ̀nà yìí, láti etí dé inú kóró, ni mo pè ní ọ̀nà ìjíṣẹ́.

Báwo ni ìránṣẹ́ kan ṣe ń jí èkejì? Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó sí ilé-kéwú, ẹ rántí bá, tá àti sá. Ara kan náà ni wọ́n ní. Bí àmì kan bá wà lábẹ́, bá ni. Bí méjì bá wà lókè, tá ni. Bí ó bá di mẹ́ta lókè, ó ti di sá. Àmì kékeré ló yí ohùn padà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni MEK ṣe ń fi àmì méjì sára ERK. Àmì náà ni wọ́n ń pè ní fọ́sífétì. ERK tí kò ní àmì, ó jókòó lásán ni. ERK tí ó ní àmì méjèèjì, ó ti gba iṣẹ́. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, purotéènì mìíràn á wá nu àmì náà nù, ilé á sì tòrò.

Ẹ̀KỌ́ KEJÌ: NÍGBÀ TÍ ÌRÁNṢẸ́ BÁ Ń JẸ́ IṢẸ́ TÍ ẸNÌKAN KÒ RÁN

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìránṣẹ́ tí ó sì ń jẹ́ iṣẹ́ tí ẹnìkan kò rán an ńkọ́? Ohun tí jẹjẹrẹ jẹ́ nìyẹn. Nínú jẹjẹrẹ kan, RAS ni ó bàjẹ́ tí kò mọ bí a ṣe ń dákẹ́. Nínú òmíràn, etí ni ó pọ̀ jù.

Etí kan wà tí wọ́n ń pè ní HER2. Gbogbo wa la ní in, ìwọ̀nba sì ni. Kò ní iṣẹ́ tirẹ̀ tí wọ́n ń rán sí i. Ó máa ń so mọ́ etí mìíràn láti bá a gbọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú àwọn jẹjẹrẹ ọyàn kan, ìwé tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe HER2 ti di púpọ̀. Dípò ẹ̀dà méjì, ó lè di ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Etí á wá kún ara ògiri bámúbámú, wọ́n á máa gbún ara wọn, wọ́n á sì máa jí àwọn ìránṣẹ́ inú láìsí iṣẹ́ kankan láti ìta. Lójoojúmọ́ ni Ọba ń gbọ́ “Pín, pín, pín.”

Ní 1985, Axel Ullrich, ọmọ Jámánì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tí ó ṣe àwárí ìwé HER2 yìí. Ní 1987, Dókítà Dennis Slamon àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ jẹjẹrẹ ọyàn 189 wò. Wọ́n rí i pé nínú bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, HER2 ti pọ̀ jù, àti pé àrùn àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ ló ń tètè padà wá. Láti ìgbà yẹn ni ó ti hàn pé orúkọ kan ni jẹjẹrẹ ọyàn ń jẹ́, ṣùgbọ́n àrùn inú rẹ̀ ju ọ̀kan lọ.

Ẹ̀KỌ́ KẸTA: ÀǸTÍBỌ́DÌ, ẸLẸ́RÌÍ TÍ Ó MỌ OJÚ ẸNÌKAN ṢOṢO

Báwo ni a ṣe lè mọ èyí tí ó wà nínú ọyàn ìyá wa? Àǹtíbọ́dì ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n.

Àwọn tí wọ́n ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ọmọ mọ̀ pé ara máa ń dá ọmọ-ogun sílẹ̀ láti dojú kọ àlejò burúkú. Ọmọ-ogun yìí ni àǹtíbọ́dì. Ìwà rẹ̀ ni pé ẹnìkan ṣoṣo ni ó mọ̀. Bí a bá kó ẹgbẹ̀rún purotéènì síwájú rẹ̀, ẹni tirẹ̀ nìkan ni yóò dì mọ́. Àwọn onímọ̀ wá rò ó pé: bí a bá gún eku tàbí ehoro ní abẹ́rẹ́ ègé HER2, ẹranko náà yóò ṣe àǹtíbọ́dì tí ó mọ HER2. Ní 1975, Georges Köhler àti César Milstein ní Cambridge rí ọgbọ́n dá sí i. Wọ́n so sẹ́ẹ̀lì eku tí ń ṣe àǹtíbọ́dì pọ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí kì í kú, ó sì ń ṣe irú àǹtíbọ́dì kan ṣoṣo láìdáwọ́ dúró. Nobel ni wọ́n fi yẹ́ wọn sí ní 1984.

Ẹ rántí àmì bá àti tá. Àǹtíbọ́dì kan wà tí ó mọ ERK yálà ó ní àmì tàbí kò ní. Òmíràn sì wà tí kò ní wo ERK lójú àfi bí àmì bá wà lára rẹ̀. Bí onímọ̀ bá fi méjèèjì wo sẹ́ẹ̀lì kan náà, yóò mọ iye ìránṣẹ́ tí ó wà nílé, yóò sì mọ iye tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ka ọ̀nà ìjíṣẹ́ bí ẹni ń ka wàláà.

Ní ilé ìwòsàn, mẹ́ta ni wọ́n ń wò fún jẹjẹrẹ ọyàn: ER, PR àti HER2. ER àti PR ni ó ń gbọ́ iṣẹ́ àwọn omi-ara obìnrin, irú èyí tí ń mú nǹkan oṣù wá. HER2 ni a ti sọ. Wọ́n á gé ẹran náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí yóò tín-ín-rín ju irun orí lọ, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, wọ́n á da àǹtíbọ́dì sí i. Wọ́n á fi àǹtíbọ́dì kejì tí ó gbé àró dání tẹ̀ lé e. Níbi tí èkíní bá ti rí ẹni rẹ̀, ibẹ̀ yóò di búráùn. Ti ER àti PR máa ń hàn nínú kóró sẹ́ẹ̀lì. Ti HER2 máa ń yí sẹ́ẹ̀lì ká bí òrùka. Wọ́n á wá fún HER2 ní òǹkà: 0 tàbí 1, kò pọ̀, 3, ó pọ̀ jù, 2, kò tíì dájú, wọ́n á fi àyẹ̀wò mìíràn ka ẹ̀dà ìwé HER2 fúnra rẹ̀.

Ẹ̀KỌ́ KẸRIN: ẸLẸ́RÌÍ KÒ LÈ MỌ OJÚ TÍ Ó TI JẸRÀ

Ibí ni àṣìṣe mi wà. Gbàrà tí wọ́n bá gé ẹran kúrò lára, ó ti ń bàjẹ́. Etí tí àǹtíbọ́dì ń wá ń yọ́ lọ. Oògùn tí ń dá a dúró ni fọ́màlíìnì. Ìlànà àgbáyé ni pé kí ẹran wọ inú fọ́màlíìnì láàárín wákàtí kan, kí ó sì wà nínú rẹ̀ fún wákàtí 6 ó kéré jù, kí ó má ju wákàtí 72 lọ. Tèmi lo ọjọ́ mẹ́rin nínú omi iyọ̀, nínú ooru ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ẹran tí ó bàjẹ́ lè parọ́. Bí HER2 tàbí ER bá ti yọ́ dànù, àró kò ní mú, ìwé á sì sọ pé “kò sí,” nígbà tí ó jẹ́ pé ó wà tẹ́lẹ̀. A ó wá fi oògùn tí ì bá wò ó dù ú.

Àǹtíbọ́dì fúnra rẹ̀ náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Inú fíríìjì ni púpọ̀ nínú wọn ń gbé. Bí iná bá lọ tí kò sí jẹnẹrétọ̀, agbára wọn lè dín kù. Nítorí náà láàbù tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń fi ẹran kan tí wọ́n ti mọ̀ pé ó ní HER2, àti òmíràn tí wọ́n ti mọ̀ pé kò ní, ṣe àyẹ̀wò pọ̀ mọ́ ti aláìsàn. Èmi oníṣòwò mọ ìdí rẹ̀: bí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá òṣùwọ̀n mi ṣì dára, irin kílò kan tí mo ti mọ ìwọ̀n rẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ gbé lé e kí n tó wọn ìrẹsì ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀KỌ́ KARÙN-ÚN: TI ÀWỌN OBÌNRIN WA

Ọmọ wa kan wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olufunmilayo Olopade kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn jáde ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1980, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Chicago ní Amẹ́ríkà. Ọjọ́ pẹ́ tí òun àti àwọn dókítà UCH Ìbàdàn ti jọ ń ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ ọyàn. Ní 2009, òun àti Dezheng Huo pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé àbájáde kan jáde. Wọ́n ti fi àǹtíbọ́dì yẹ ẹran obìnrin 378 wò, láti Nàìjíríà àti Senegal. ER wà nínú ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún, PR nínú ìdá 20, HER2 nínú ìdá 17. Àwọn tí kò ní ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé ní ìdajì.

Kí ni èyí wúlò fún? Irú kọ̀ọ̀kan ní oògùn tirẹ̀. Ẹni tí ó bá ní ER lè lo tamoxifen, oògùn oníhóró tí kò wọ́n, lójoojúmọ́ fún ọdún márùn-ún ó kéré jù. Ẹni tí HER2 rẹ̀ pọ̀ jù lè lo trastuzumab, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Herceptin. Àǹtíbọ́dì ni òun náà. Dípò kí ó kàn jẹ́rìí, ó máa ń di etí náà mú kí ó má lè gbọ́, ó sì ń pe àwọn ọmọ-ogun ara wá bá a. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 1998, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fi í sára àwọn oògùn kòṣeémánìí ní 2015. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n máa ń gún un, fún ọdún kan. Wọ́n gbọ́dọ̀ máa yẹ ọkàn aláìsàn wò, nítorí ó lè dín agbára ọkàn kù. Ó wọ́n, ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ti ń ṣe irú rẹ̀ tí owó rẹ̀ dín sí ti àkọ́kọ́. Ẹni tí kò bá ní ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, oògùn líle tí ń pa sẹ́ẹ̀lì tí ń pín ni òpó ìtọ́jú rẹ̀, ó sì máa ń gbà á dáadáa bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀. Bí a bá fún un ní tamoxifen, òfo ni. Bí a bá sì fún ẹni tí kò ní HER2 púpọ̀ ní trastuzumab, a ti ta ilẹ̀ lásán nìyẹn.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ Á ṢE

1. Kókó nínú ọyàn, bí kò tilẹ̀ dunni, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ má ṣe dúró dè é kí ó dunni. Ọkùnrin náà lè ní i, bí kò tilẹ̀ wọ́pọ̀.

2. Kí wọ́n tó gé ẹran, ẹ béèrè pé: “Ṣé fọ́màlíìnì wà nílẹ̀?” Bí kò bá sí, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ lọ wá a ná.

3. Bí ó bá jẹ́ ẹbí ni yóò gbé e lọ sí láàbù, ẹ kọ́kọ́ pe láàbù láti mọ ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí. Ẹ kọ wákàtí tí wọ́n gé e sára ike.

4. Ẹ béèrè fún ER, PR àti HER2 lórúkọ, kí ẹ sì gba ìwé tí wọ́n kọ òǹkà sí, kì í ṣe “ó wà” tàbí “kò sí” nìkan. Láti 2022, oògùn tuntun kan ti wà fún àwọn kan tí òǹkà HER2 wọn jẹ́ 1 tàbí 2, bí àrùn bá ti tàn kálẹ̀.

5. Láàbù máa ń fi epo ìdà bo ẹran tí ó kù, ó sì lè pẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ béèrè ibi tí ó wà. Bí ẹ bá kó kúrò ní Àbújá lọ sílé, wọ́n lè lò ó láìtún gé òmíràn.

6. Ẹ̀yin ọkọ, owó àyẹ̀wò ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kí ẹ tó wá owó oògùn.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌDÍLÉ

Ta ni ó ń fi àmì sára ERK, kí sì ni àmì náà ń sọ? Kí ló dé tí HER2 púpọ̀ fi lè jẹ́ iṣẹ́ tí ẹnìkan kò rán? Kí ló dé tí omi iyọ̀ kò lè dípò fọ́màlíìnì? Bí ìwé bá sọ pé “kò sí,” àwọn ọ̀nà wo ni ó fi lè jẹ́ irọ́?

N ó parí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n wa. Ẹran kejì wọ fọ́màlíìnì lójú ẹsẹ̀. Èsì jáde: ER kò sí, PR kò sí, HER2 jẹ́ 3. A ta ilẹ̀ kan nílé. Nínú abẹ́rẹ́ bíi méjìdínlógún tí ó yẹ kí ó gbà, mẹ́sàn-án ni owó wa ká. Ó rí ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ àgbà ní 2019, ó sì jáde láyé ní 2020. Kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ. Ọ̀sẹ̀ méje tí mo fi ṣòfò kò tíì kúrò lọ́kàn mi, òun ló sì mú mi kọ èyí. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnìkan ṣoṣo láàárín wa ni yóò rántí béèrè fún fọ́màlíìnì, ẹ̀kọ́ yìí ti ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní àlàáfíà, kí ó sì wo àwọn aláìsàn wa sàn. Àmín.